Àkọlé Tí Wọ́n Yọ Àmì Rẹ̀

Ẹ̀yin ará, nígbà tí Ẹlẹ́dàá bu erùpẹ̀ tó fi mọ ọmọ ènìyàn, ibì kan náà ló ti bù ú. Kò bu ti ọlọ́lá lórí àpáta, kò bu ti mẹ̀kúnnù nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láyé tó dá wọn lójú gbangba pé wọ́n fi ajọ̀ jọ ti àwọn kí wọ́n tó pò ó. Irú wọn ni Alábòójútó Àgbà fún Ìròyìn àti Ilé Gbígbé, ọkùnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí.

Orúkọ oyè rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ kí i láàárọ̀ fi ní láti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kó tó lè parí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, "Ẹ-Fẹ̀-Ẹ́" ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Ibi tí orúkọ náà ti wá kò jìnnà. Abẹ́ àṣẹ rẹ̀ ni ìwé ìròyìn ìgbìmọ̀ ìlú wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìràwọ̀ Ìlú, tó ń jáde lóṣooṣù. Kò sí ojú ìwé tí wọ́n gbé wá fún un tí kò ní wá àwòrán ara rẹ̀ níbẹ̀, kó fi ìka gbá a, kó ní, "Ẹ fẹ̀ ẹ́!" Wọ́n fẹ̀ ẹ́ títí fọ́tò rẹ̀ fi gba ibi tó yẹ kí ìròyìn omi ẹ̀rọ wà. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ títí ó fi ti ìkéde àwọn olóògbé bọ́ sí etí ìwé, tí òkú méjì ń fún ara wọn mọ́ orí ìlà kan.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ń to ojú ìwé lórí ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kọ̀ǹpútà, sọ fún un pé, "Ẹ má bínú, sà. Tá a bá tún fẹ̀ ẹ́ báyìí, etí yín méjèèjì máa bọ́ síta ìwé."

"Ta ló ni ìwé?" ni Ọ̀gá bi í.

"Ìgbìmọ̀ ìlú ni, sà."

"Ta ló ń bójú tó o?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó dáa. Ẹ fẹ ìwé náà."

Apá òsì rẹ̀ ni akọ̀wé rẹ̀ máa ń dúró sí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n sọ ní Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ló fi ń jẹun. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú àwàdà Ọ̀gá dé. Bí Ọ̀gá bá sín, á ní, "Ọgbọ́n ló ń wá ọ̀nà àtijáde, sà." Bí Ọ̀gá bá sùn lọ nínú ìpàdé, á fi ìka sẹ́nu, á ní kí gbogbo ilé dákẹ́ jẹ́ẹ́, pé Ọ̀gá ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà lọ jìnnà ju ibi tí àwọn yòókù lè bá a dé.

Ní àkókò tí à ń sọ yìí, Olórí Ìgbìmọ̀, ìyá àgbà kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ti kéde pé òun fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá fà kalẹ̀ ni yóò jókòó sórí àga náà. Àga yìí ni Ẹ-Fẹ̀-Ẹ́ ń lá lójoojúmọ́. Ó ti fi ojú wọn àga náà, ó ti fi ọwọ́ wọn ìbàdí ara rẹ̀, ó sì rí i pé ìpinnu Ọlọ́run hàn gbangba. Ohun kan ló kù: ilé àwọn opó.

Iná ló jó ọ̀wọ́ ilé kan lẹ́yìn ibùdókọ̀, tí àwọn opó tó ń gbé ibẹ̀ fi di aláìnílé. Ìgbìmọ̀ wá ní kí Alábòójútó kọ́ tuntun fún wọn, kó sì fi páànù aláwọ̀ ojú ọ̀run bò ó. Olórí fúnra rẹ̀ ni yóò wá ṣí i. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àga ti bọ́ sábẹ́ Ọ̀gá nìyẹn. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, èyí tó jókòó lé lọ́wọ́lọ́wọ́ gan-an lè yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ògiri dúró. Fèrèsé wà. Òrùlé ni kò sí. Páànù dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yà sí ilé Ọ̀gá, níbi tí wọ́n ti ń fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kún ilé, Ọ̀gá ní kó kàn sinmi níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Páànù náà gun orí ilé lọ sinmi, wọ́n sì kàn án níṣòó kí atẹ́gùn má baà dí i lọ́wọ́ ìsinmi. Páànù aláwọ̀ ojú ọ̀run ni wọ́n ṣèlérí fún àwọn opó. Ojú ọ̀run gan-an ni wọ́n rí.

Ẹ má rò pé ẹ̀rí-ọkàn Ọ̀gá kò bá a wí o. Ó bá a wí. Ọ̀gá ní kó lọ gba ọ̀dọ̀ akọ̀wé wá.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wọ yàrá tí wọ́n ti ń to ìwé lọ, Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni tẹ̀ lé e. Yàrá náà kéré. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó máa ń jẹ bébà ju bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ, àti fáànù kan tó ń mi orí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ níwájú rẹ̀. Ìyá Kọ̀ǹpútà ti gbé báàgì rẹ̀ sórí itan, nítorí ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kò ní pẹ́ gbéra.

"Fọ́tò ilé àwọn opó dà?"

"Òun rèé, sà. Ṣùgbọ́n kò lórí."

"Kí ni kò lórí?"

"Ilé ni, sà. Orí rẹ̀ ò sí níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni wúkọ́. Ọ̀gá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ṣé ètò kọ̀ǹpútà yìí kọ́ ló na awọ ojú mi lóṣù tó kọjá? Ṣé òun kọ́ ló sọ irun mi di dúdú? Òun náà ló máa wá sọ pé òun ò lè bo ilé?"

"Ó lè bò ó, sà. Ṣùgbọ́n òjò ò mọ kọ̀ǹpútà."

"Ṣé òjò ló máa ka ìwé ni?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni wí. "Òjò ò kàwé."

Ìyá Kọ̀ǹpútà kì í ṣe áńgẹ́lì. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá bá Ẹ-Fẹ̀-Ẹ́ jiyàn, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn délé. Ó wá fọ́tò páànù aláwọ̀ ojú ọ̀run kiri inú ẹ̀rọ. Ẹyọ kan ló rí: èyí tí wọ́n ya nílé Ọ̀gá lọ́jọ́ tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì parí. Ó gé òrùlé náà yọ, ó gbé e lé ilé kìíní lórí. Ó kọ́pì rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì. Ó kọ́pì rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀kẹta, títí ó fi bo gbogbo wọn tán. Aláǹgbá kan tí ìrù rẹ̀ ti gé ti na orí sókè lórí páànù náà lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò. Ìyá Kọ̀ǹpútà rí i. Ó wo aago. Ó fi aláǹgbá sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Ẹ wò ó!" Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. "Àwọn kan ń fi oṣù mẹ́ta bo ilé. Èmi bò ó kí tíì mi tó tutù."

"Káfíńtà ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀, ó ń rí bẹ́ẹ̀," ni Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni wí.

Àkọlé ló wá kù. Ọ̀gá ti lá a lójú oorun: AKỌ́LÉ OPÓ DÉ! Kí ó dúró gàgàrà lókè fọ́tò rẹ̀, kí gbogbo ayé mọ̀ pé ẹni tó ń kọ́lé fún àwọn opó ti dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ jáde, Ọ̀gá bu imú.

"Lẹ́tà yìí dà bí ẹni tí ebi ń pa."

Ó yọ kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́ kan láti òkè òkun jáde lábíyá. Lẹ́tà tó wà lórí rẹ̀ ní ìwo, ó ní ìrù, ó ká kò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí irin ẹnu géètì olówó. "Èyí ni mo fẹ́. Lẹ́tà tó bá ń sọ̀rọ̀ mi gbọ́dọ̀ dà bí èmi."

Ìyá Kọ̀ǹpútà rí irú lẹ́tà náà nínú ẹ̀rọ, ó yí àkọlé sí i. Kíá, gbogbo lẹ́tà tó ní àmì pòórá, àpótí òfìfo sì bọ́ sí ipò wọn.

"Kí lèyí? Ta ló ní kí ẹ kó ẹrù wá síbí?"

"Lẹ́tà yẹn ò gbọ́ èdè wa ni, sà. Kò mọ àmì orí, kò mọ àmì ìsàlẹ̀. Ohun tí kò bá ti mọ̀, àpótí ló máa ń gbé síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sí èyí tá a ti ń lò."

"Mi ò padà síbì kankan. Ẹ yọ àmì yẹn."

"Sà?"

"Àmì. Gbogbo rẹ̀. Ó tiẹ̀ ti pẹ́ tó ti ń bí mi nínú. Èèyàn á kọ ọ̀rọ̀ ńlá kalẹ̀, ẹ ó wá tú ìgbẹ́ eṣinṣin sí i lókè àti nísàlẹ̀."

"Sà, tá a bá yọ ọ́, àwọn èèyàn lè kà á sí nǹkan míì."

"Ta ni ò mọ̀ mí nínú ìlú yìí, tó máa kà mí sí nǹkan míì?"

"Ọ̀rọ̀ tí kò dá ara rẹ̀ lójú ló ń lo àmì, sà," ni Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni dá sí i. "Ọ̀rọ̀ tiyín dá ara rẹ̀ lójú."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́! Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀."

Ìyá Kọ̀ǹpútà yọ àmì. AKOLE OPO DE! ló kù lójú ẹ̀rọ, pẹ̀lú ìwo àti ìrù. Ó wò ó. Ó la ẹnu. "Ṣé kí n kà á sókè sí yín létí, sà?"

"Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí?"

Nígbà náà ni dírẹ́bà ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ fọn fèrè níta. Ìyá Kọ̀ǹpútà pa ẹnu dé, ó kọ́ báàgì rẹ̀ léjìká. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá dá a dúró díẹ̀ sí i. "Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fọ́tò mi pé: Èmi fúnra mi ni mo yan lẹ́tà yìí, èmi ni mo sì ní kí wọ́n yọ àmì, kó lè dùn-ún wò. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí ògo yẹn mọ́ mi lọ́wọ́." Báyìí ni ọkùnrin náà ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, tó sì ju kọ́kọ́rọ́ sódò.

Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Olúwa tó fún wa ní èdè kò fi ohun kékeré ṣeré nínú rẹ̀. Àmì kíún kan báyìí, tí kò tó orí abẹ́rẹ́, lábẹ́ lẹ́tà kan, òun ló dúró láàárín akọ́lé àti akólé. Akọ́lé ń mọ ògiri; akólé ń gba orí ògiri wọlé. Ẹni tó bá yọ àmì náà, àwọn méjèèjì di ẹnìkan náà, á sì ku ẹni tó ń kàwé láti yan èyí tó bá mọ̀ nínú wọn. Èwo lẹ rò pé ìlú mọ̀?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìwé jáde, Ọ̀gá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, gíláàsì wà ní pípa, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí i lójú. Ó rí àwọn èèyàn lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n di Ìràwọ̀ Ìlú mú. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ọkùnrin tó ń ta ìwé ìròyìn ní ìkóríta, tó máa ń ká ìwé náà sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ kó má baà mì, ti tà á tán, ó sì ń fa èyí tó wà lábẹ́ tábìlì yọ. Wọ́n ń na ìwé sí ọkọ̀ Ọ̀gá. Ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn.

"Omijé ayọ̀," ni Ọ̀gá wí. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń mì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń súre fún wọn. "Kí ni wọ́n ń pariwo?"

Awakọ̀ rẹ̀ ti gbọ́ ọ dáadáa nígbà tó dúró rọ epo. Ó di ìdarí ọkọ̀ mú ṣinṣin. "Orúkọ yín ni, sà."

Irọ́ kọ́ ló pa.

Ní ọ́fíìsì, ẹni kankan kò wo ojú Ọ̀gá. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kí i, wọ́n ń yára wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni wólẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó wólẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rí ọ̀nà láti tètè gbé ojú sókè. Nígbà tí Ọ̀gá ń ronú irú àwọ̀ tí yóò kun ọ́fíìsì Olórí Ìgbìmọ̀, fóònù rẹ̀ dún. Ìyàwó rẹ̀ ni, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu kó tutù.

"Bàbá wọn, ilé ta lẹ kó?"

"Kí ni mo kó, báwo?"

"Ìwé yín wà lọ́wọ́ mi. 'Akólé opó dé!' Fọ́tò yín ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tún wá ń rẹ́rìn-ín!"

"Akọ́lé ni! Akọ́-lé! Ẹni tó ń kọ́ ilé!"

"Àmì rẹ̀ dà?"

"Mo ní kí wọ́n yọ ọ́."

"Ẹ̀yin fúnra yín?"

"Kò jẹ́ kó dùn-ún wò."

"Ó ti wá dùn-ún wò báyìí. Obìnrin tó múlé tì wá ti ń ká aṣọ tó sá sórí okùn wọlé. Ó ní kóun tètè ká a kẹ́ ẹ tó darí dé."

"Ẹ ṣé, Ìyá wọn. Ẹ ṣé gan-an."

"Mi ò tíì parí. Ẹ ti wo òrùlé tó wà nínú fọ́tò yẹn? Aláǹgbá wa ló wà lórí rẹ̀."

"Ta ni aláǹgbá wa?"

"Gé-n-rù! Èyí tí ìrù rẹ̀ ti gé, tó máa ń jókòó lórí páànù wa lọ́sàn-án. Ó wà lórí gbogbo ilé náà lẹ́ẹ̀kan náà, orí kan náà ló sì nà sókè. Tí àwọn èèyàn bá bi mí pé báwo ló ṣe débẹ̀, kí ni kí n sọ? Pé ó lọ kí àwọn opó?"

Ọ̀gá gbé fóònù sílẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó mú ìwé náà, ó sì kà á bí ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ rí. AKOLE OPO DE. Ó gbìyànjú kó kà á sí akọ́lé. Ahọ́n rẹ̀ kọ̀. Bó ṣe ń tún un kà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí òrùlé ilé ara rẹ̀, tó ń dán gbinrin nínú oòrùn.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣe níbi tọ́rọ̀ dé yìí. Kó tú páànù, kó dá a padà, kó sì forí balẹ̀. Àánú ṣì wà ní ẹnu ọ̀nà, ó ń kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fẹ ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn kékeré kì í gbà á mọ́. Ó pe Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni.

"Ẹ lọ kéde. Ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí ọkọ̀, kẹ́ ẹ la ọ̀rọ̀ yé wọn."

Ni ọkọ̀ bá jáde, ó ń yí ìlú po. "Ẹ̀yin ará ìlú! Ẹ má ṣì í gbọ́ o! Alábòójútó Àgbà kì í ṣe kólékólé o! A tún un sọ, kì í ṣe kólékólé o!" Ṣáájú ìgbà náà, àwọn tó mọ̀wé nìkan ló gbọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àwọn tí kò mọ "a" yàtọ̀ sí "b" ti jáde síta, wọ́n ń bi ara wọn pé, "Kí ló jí gan-an?"

Ìròyìn mìíràn tún dé. Olórí Ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ pé òun kò ní dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mọ́. Lọ́la ni òun ń bọ̀ wá wo ilé àwọn opó.

Àga tí Ọ̀gá ń lá wà níwájú, èyí tó jókòó lé wà lábẹ́, méjèèjì sì ń mì. "Ọ̀la? Òrùlé ńkọ́?"

Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni ronú. Ẹ̀yin ará, ó ronú! Kò ṣe irú rẹ̀ rí, nítorí náà kò mọ ibi tí wọ́n ń dá a dúró sí. "Sà, òrùlé wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n ṣe ń tẹ bánà ńlá, tí wọ́n ń gbé e kọ́ ojú títì, ṣé a ò lè tẹ òrùlé náà sórí bánà, ká nà án lé ilé lórí? Olórí ò ríran jìnnà mọ́. Ìsàlẹ̀ ló máa dúró sí."

Ọ̀gá dì mọ́ ọn. Wọ́n jọ sáré wọ yàrá ìtòwé.

"Ìyá Kọ̀ǹpútà, òrùlé yẹn, ẹ fẹ̀ ẹ́!"

"Tó báwo, sà?"

"Tó ilé!"

Obìnrin náà yí àga rẹ̀ padà. "Sà, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó má di ẹjọ́ mi. Tá a bá fẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ló máa fẹ̀."

"Ẹ fẹ̀ ẹ́!"

Ó fẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n to àga síwájú ilé àwọn opó. Àwọn opó jókòó sí ọwọ́ kan, èrò ìlú dúró yí wọn ká. Olórí Ìgbìmọ̀ dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ àti awò ojú rẹ̀, Ìràwọ̀ Ìlú sì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Bánà ti bo gbogbo ilé, wọ́n fi okùn so ó mọ́ fèrèsé. Ọ̀gá dìde. Ó ti fi ọ̀rọ̀ dídùn pa ìbẹ̀rù rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Olórí wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin èèyàn pàtàkì, ẹ̀yin opó tí orí yín gbe yín kò mí! Nígbà tí oòrùn kọ́kọ́ yọ sí ayé, kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò ràn sórí irú òrùlé báyìí. Mo wò yín, ojú àánú mi kún. Mo ní kí n má sùn. Mi ò sùn. Mo ní kí n má jẹun…"

Gbogbo èèyàn wo ikùn rẹ̀.

Olórí ní tirẹ̀ ń wo òkè. Lórí ilé kọ̀ọ̀kan, aláǹgbá kan ló dùbúlẹ̀, ó tóbi tó màlúù, ìrù rẹ̀ ti gé, ó sì na orí sí ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí ìpè ìkẹyìn. Olórí yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Aláǹgbá ṣì wà níbẹ̀.

Opó kan dìde, Ìyá Aránṣọ ni wọ́n ń pè é. "Ọ̀gá, ẹ má bínú pé mo dá yín lẹ́nu. Ṣé èyí tó wà lórí ilé tèmi yẹn máa ń bunijẹ?"

Ẹ̀rín bú. Atẹ́gùn ló dá a lóhùn kí Ọ̀gá tó ráyè. Ó wọ abẹ́ bánà, ó gbé e sókè pẹrẹpẹrẹ, okùn já, òrùlé ilé Ìyá Aránṣọ ká bí ẹní, ó sì ṣubú lé àga àwọn èèyàn pàtàkì lórí, aláǹgbá ló ṣáájú. Ojú ọ̀run hàn láàárín ògiri mẹ́rin.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí Ìyá Aránṣọ ṣì wà lórí ìdúró. "Màmá," ó sọ fún Olórí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, "maṣíìnì kan ṣoṣo ni mo rí yọ nínú iná. Òun ni mo fi ń bọ́ àwọn ọmọ mi. Ẹ̀bá ògiri ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń gbé e sí, mo ń fi tapólì bò ó. Òjò ti ń ṣú lójoojúmọ́. Ṣé abẹ́ bébà yìí ni kí n gbé e wá?"

Olórí na ìwé ìròyìn sí Ọ̀gá. "Alábòójútó, ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Bá mi ka ohun tó wà lókè yẹn. Kà á sókè, kí gbogbo wa gbọ́."

Ọ̀gá gba ìwé. Bí ó bá ní akọ́lé, ojú ọ̀run wà níbẹ̀ tó ń wò ó. Bí ó bá ní akólé, ẹnu ara rẹ̀ ló fi dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Òógùn ṣàn wọ ojú rẹ̀. Ó wo Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni. Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lójijì ni ọ̀nà kan là níwájú rẹ̀, ó sì sáré gbà á.

"Àkọlé ni, Mà!" ó kígbe. "Wọ́n kọ ọ́ pé àkọlé. Ìyẹn orí ọ̀rọ̀. Àkọlé lásán ni!"

Ìyá àgbà náà mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Òtítọ́ lo sọ," ó ní. "Àkọlé lásán ni. Kò sí ilé lábẹ́ rẹ̀."

Ìgbà náà ló wá fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Má lọ sí ọ́fíìsì lọ́la. Àwọn káfíńtà ń bọ̀ nílé rẹ. Mo mọ páànù yẹn, èmi ni mo yan àwọ̀ rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, Mà," ni ohùn kan wí. Èrò yíjú. Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni ti dúró sí apá òsì Olórí.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn káfíńtà kò pẹ́ kí wọ́n tó dé. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ náà ni Ọ̀gá fi jókòó nínú pálọ̀ òkè tuntun rẹ̀, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, bí ẹni tó ṣì ń retí pé wọn yóò wá bẹ òun. Ìṣó ń ké lórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fà á tu. Páànù kan lọ, ìmọ́lẹ̀ wọlé. Òmíràn lọ, erùpẹ̀ dà sí i lórí, kò sì sí ẹni tó bá a gbọ̀n ọ́n nù. Nísàlẹ̀, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń to páànù náà sínú ọkọ̀, tí Ìyá Aránṣọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ké sí wọn pé kí wọ́n rọra, kó má tẹ̀.

Wọ́n gbé èyí tó gbẹ̀yìn lọ. Ọ̀gá gbé ojú sókè. Láti ọjọ́ tó ti di ẹni ńlá, kò sí ìgbà kan tí nǹkan kì í wà lókè orí rẹ̀, àjà, agboòrùn, tàbí àwòrán ara rẹ̀. Ní báyìí, kò sí ohunkóhun láàárín òun àti Ẹni tó dá a.

Ìyàwó rẹ̀ gun òkè wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ojú ọ̀run títí, ó sì wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wọn," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ẹ kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ gbàdúrà. Nǹkan kan ò dí i lọ́nà mọ́."